Adìyẹ Tó Yé Ẹyin Sínú Fóònù

Ọjọ́ Ajé, òjò àárọ̀

Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń tàn pupa. Ìyàwó ọmọ mi ní tí mo bá ti rí ibi pupa yẹn, kí n ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ, fóònù á máa gbọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹnu yín kì í gbẹ, ẹ sọ ọ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú àwọn ọmọ á gbọ́ ohùn yín." Fóònù tiẹ̀ tí ojú ẹ̀ ti sán ló fún mi. Òun ti padà sí fóònù kékeré onítẹ̀, ó ní iná tibẹ̀ kì í tètè tán. Ibẹ̀ náà ló ń tọ́jú owó ẹ̀ sí.

Mi ò mọ̀wé. Ẹni tí ò mọ̀wé, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni? Ẹnu mi ni kálámù mi.

Iṣẹ́ ńlá ti dé. Ilé ìwé tó wà lókè ọ̀nà ní kí ìyàwó mi rán aṣọ gbogbo ọmọ tó ń wọlé ní sáà tuntun. Aránṣọ ni, ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tó ní ti darúgbó jù mí lọ, tó bá ń rìn ó ń hú bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ó ti rí ọ̀kan oníná lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta máṣíìnì. Ọkùnrin yẹn ní òun á bá a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí oṣù yìí á fi parí. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ kówó dé ló ni ín. Owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú fóònù.

Èmi ni mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, èmi náà ni mo ń ṣe ojú bọ́tìnnì. Ó ń sanwó fún mi. Ojú mi ò tíì kú.

Ọjọ́bọ̀

Owú ti tún gbówó lórí. Owó tá a fi ń ra rólù mẹ́ta, méjì la fi rà lónìí, ẹni tó ń tà á sì tún ń fajú ro bíi pé àwa la ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́sàn-án, oníbàárà kan fẹ́ sanwó fún ìyàwó mi. Kò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kó lọ kó o fún Ìyá Ṣéńjì ní kíóósì iwájú ilé, kó bá òun fi sórí fóònù. (Wọ́n ń pè é ní Ìyá Ṣéńjì torí pé bó o bá ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á ní "Ṣé o ní ṣéńjì?" kó tó kí ẹ.) Kò pẹ́, fóònù kékeré yẹn ké kíú. Ìyàwó mi tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sínú àpò.

Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Láyé tèmi, níbo ni mi ò fowó pamọ́ sí? Mo fi sínú ìrọ̀rí, mo fi sábẹ́ ìkòkò omi, mo tiẹ̀ gán an mọ́ etí aṣọ mi nígbà kan. Bàbá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, imú ajá ló ní. Tó bá ti nílò owó, kì í wá a, ṣe ló ń lọ bá a. Bí mo bá wá ń wò ó, á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ṣé owó ní ti tọkọ ti tìyàwó ni?" Èmi náà á bá a rín in. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n owó inú fóònù, ta ló lè gbọn ìrọ̀rí kó já bọ́? Àfi ẹni tó bá mọ nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹni tó ni ín fi tì í pa.

Ojú mi yìí náà kì í sinmi. Mi ò mọ èwo ni wọ́n ń kọ ní méjì, èwo ni wọ́n ń kọ ní méje. Ṣùgbọ́n mo ń wo àtàǹpàkò ìyàwó mi bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà àṣírí yẹn lónìí, ó ń rìn bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Màá fi ṣe ìtàn lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Fóònù, ká ní o wà níbẹ̀! Mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín lónìí.

Ìyàwó mi gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Iná lọ, ooru inú ilé pọ̀, gbogbo wa bá jáde síta ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi jókòó, ìyẹn ọkọ ẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà wà níbẹ̀, Ọ̀la-Á-Dára, ẹni tí gbogbo òwò ẹ̀ máa ń lówó lọ́la. Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ sọ nǹkan tá a máa fi rẹ́rìn-ín jàre, iṣẹ́ ò sí nínú òjò yìí."

Mo ní, "Adìyẹ kan wà."

Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe jẹ́?"

Mo ní adìyẹ kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń jẹ ẹyin ẹ̀. Ó yé e sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, wọ́n kó o. Ó yé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó o. Ó ní, "Ó dáa, màá lọ yé e síbi tí ọwọ́ ò lè dé." Ló bá wọnú fóònù lọ! Mo wá na ìka mi sórí bẹ́ńṣì. Ó fò sí igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní ibẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn. Ó sáré já sísàlẹ̀ pátápátá, ó ní ibẹ̀ lómi. Ó gun ẹ̀gbẹ́ òsì, ó yọjú wòta, ó ní àwọn ará ilé ń wo òun. Ó wá ṣe jẹ́jẹ́, ó bà sí àárín gbùngbùn, ó na ìyẹ́, kọ̀ọ̀-kọ-kọ-kọ, ó yé e!

Ọ̀la-Á-Dára fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ọmọ mi ń nu omi ojú. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, mi ò rí ìka yín dáadáa."

Mo tún un ṣe. Mo tiẹ̀ rọra ṣe é kó lè dùn.

Ìgbà wo ni ọmọ mi ti jókòó tì mí gbọ́ ìtàn kẹ́yìn? Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n ni. Inú mi dùn títí mo fi wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òjò látàárọ̀. Ọmọ mi ra búrẹ́dì àti mílíìkì wá fún mi, ó ní, "Ìyá mi àtàtà." Mi ò mọ ohun rere tí mo ṣe, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹnu mi ò fẹ́ sọ eléyìí.

Láàárọ̀, oníbàárà kan san ìyókù owó, owó máṣíìnì bá pé. Ìyàwó mi wọ aṣọ tó dáa, ó gbé agboòrùn, ó ní kí n jẹ́ ká jọ lọ wo máṣíìnì òun. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́nà bí ọmọdé. Ọkùnrin tó ń ta máṣíìnì ti nù ún, ó ti tan iná sí i, ó ń dún wìn-ìn-ìn bí oyin. Ìyàwó mi fọwọ́ pa á lára. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fowó ránṣẹ́." Ó tẹ fóònù. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀.

Owó tó gbà láàárọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyókù ti lọ.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, owó mi dà?" bíi pé èmi ni mo gbé e sápò. Ó ń béèrè bí èèyàn ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni.

Ó sáré dé kíóósì. Ó na ìka sí Ìyá Ṣéńjì lójú gbogbo èèyàn. "Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé owó wà níbẹ̀! Ìwọ lò ń bá mi fi sí i!"

Ìyá Ṣéńjì dìde. "Èmi? Aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí, ìwọ lo rán an fún mi. Ṣé aṣọ ẹ ni màá wọ̀ jà ẹ́ lólè?"

Àwọn èèyàn ti pé. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ẹnì kan ní òun ti máa ń fura sí i tipẹ́. Obìnrin yẹn tó ń gbé ìjókòó fún mi tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀! Ó ní, "Gbé fóònù yẹn wá. Olè lè pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ̀ rẹ́, fóònù kì í gbàgbé. Jẹ́ ká béèrè ibi tó lọ."

Ó tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ọjọ́ Ajé ni owó jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ẹni tó gbà á, kó tó kà á tán, ìyàwó mi ti di ẹnu ẹ̀ mú.

Ó ní, "Nọ́ńbà ọkọ mi nìyẹn."

Ṣé ẹ rí àwọn tó ń pariwo olè? Kíá ni wọ́n túká. Ẹni tó ń pe ọlọ́pàá wá ń sọ pé, "Háà, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé." Bí olè bá ti lè jẹ́ ọkọ, kì í ṣe olè mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé.

Lọ́nà, ìyàwó mi ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Báwo ló ṣe mọ nọ́ńbà mi? Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àbí mo sọ ọ́ lójú oorun ni?" Ó ń da ara ẹ̀ lẹ́bi.

Mo mọ̀. Àtìgbà tí Ìyá Ṣéńjì ti pe Ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀. Ìka tí mo fi sọ ìtàn, mo ti kì í bọ abẹ́ ìró mi. Mi ò yọ ọ́ títí a fi délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi yìí ni mo máa ń fi òwe yẹn bá ọmọ ọlọ́mọ wí.

Ọjọ́ Àìkú

Ọmọ mi àti ìyàwó ẹ̀ ti bára wọn jà, wọ́n ti dákẹ́. Ọ̀kan kọjú sí ọ̀hún, ọ̀kan kọjú sí ìhín. Mo lọ bá ọmọ mi nínú ṣẹ́ẹ̀dì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń fá pákó.

Mo ní, "Owó ìyàwó ẹ dà?"

"Màmá, ẹ má wò mí bí olè. Mo yá a ni."

"Ta lo sọ fún pé o fẹ́ yá a?"

"Tí mo bá sọ fún un, ṣé á gbà ni?"

"O ti dá ara ẹ lóhùn nìyẹn."

Ó ní òun fi ra ìdajì alùpùpù, òun àti Ọ̀la-Á-Dára, pé á máa pawó wọlé lójoojúmọ́, pé kí sáà tuntun tó wọlé òun á ti dá a padà, ìyàwó òun ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ó ní iṣẹ́ ò sí, pé ó ń ká òun lára bí ìyàwó òun ṣe ń gbọ́ bùkátà ilé tí òun jókòó. Ìyẹn, mo gbà á gbọ́. Ó ti rù.

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ nọ́ńbà ẹ̀?"

Ó dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó wò mí bíi pé àánú mi ń ṣe é. Ó yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, ó fi sàmì mẹ́rin sórí pákó: igun òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, àárín. Ó ní, "Ṣe bí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Màmá."

Mo bínú, mo ní, "Èmi kọ́ ẹ lólè?"

Ohùn ẹ̀ ò lọ sókè. Ó ní, "Bàbá mi ń mú owó yín. Mo rí i. Ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ni."

Ilẹ̀ ìbá lanu kí n wọlé. Ẹ̀rín tí mo fi ń bo ìtìjú mi látijọ́, ọmọdé kan wà nídìí ìlẹ̀kùn tó ń fi kọ́ ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ Ajé

Mo lọ bá ìyàwó mi láti jẹ́wọ́. Mo jókòó. Ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní abẹ́rẹ́ mi ti kú. Ó fún mi ní òmíràn. Abẹ́rẹ́ mi ò kú.

Ọjọ́rú, òjò tó ń ya òrùlé

Wọ́n ti ta máṣíìnì yẹn. Ìyàwó mi lọ bẹ ọkùnrin náà pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ó bá òfìfo níbi tó wà. Ó padà dé, omi ń kán lára ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ ilé ìwé tó ti gé. Kò sunkún. Ó kàn ń tò wọ́n jọ, apá pẹ̀lú apá, kọ́là pẹ̀lú kọ́là.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́. Ìtàn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Mo jókòó tì í nílẹ̀, mo ní, "Adìyẹ kan wà."

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín lónìí."

Mo ní, "Eléyìí ò pani lẹ́rìn-ín mọ́." Mo na ìka mi sórí aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀. Mo fò sí igun òkè. Ó ń wò mí. Mo já sísàlẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà. Mo gun ẹ̀gbẹ́ òsì. Kí n tó dé àárín, ó ti di ìka mi mú.

Ó ní, "Ó tó, Màmá."

Ọwọ́ ẹ̀ tutù. Kò tètè fi mí sílẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ọkọ ẹ. Àti Ọ̀la-Á-Dára."

"Ẹ sọ ọ́ fún ẹni méjì."

"Mi ò mọ̀ pé mò ń sọ nǹkan. Mo rò pé mò ń ṣeré ni."

"Mo fi nọ́ńbà yẹn pamọ́ fún ọkọ mi, mo fi pamọ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò kọ ẹ̀yìn sí. Mo ní Màmá ò mọ nọ́ńbà."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó tiẹ̀ bú mi, ǹ bá rí ìbínú fi bora. Ó kàn ti àpò bọ́tìnnì sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ bá mi rán èyí mọ́ ọn, Màmá. Ilé ìwé ò ní dúró dè wá."

Ó ṣì pè mí ní Màmá. Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí dé egungun.

Ọjọ́bọ̀

Fóònù ẹ̀ ké lónìí. Ó gbé e, ó kọ ẹ̀yìn sí mi kó tó tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, mo tẹ orí ba, mo ń rán bọ́tìnnì.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo mú ẹsẹ̀ mi lọ sí kíóósì. Mo dúró níwájú ẹ̀, níbi tí wọ́n ti pè é ní olè, mo gbé ohùn sókè kí ẹni tó ń pọn omi ní ìkòríta lè gbọ́. Mo ní, "Ìyá Ṣéńjì, èmi ni mo fi ẹnu ba ilé jẹ́ tí wọ́n fi nàka olè sí ẹ. Ẹnu àìmẹ́nu ni. Jọ̀ọ́, fi orí jì mí."

Ó ní, "Màmá, ẹ rọra, ẹ ń lé oníbàárà mi lọ." Ṣùgbọ́n ó gbé ìjókòó fún mi. Mo rò pé kò ní gbé e mọ́.

Ìyàwó mi dé bá wa níbẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Ṣéńjì ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù. O ò bú mi tó àwọn tí ò mọ nǹkan kan. Ó yá, jẹ́ ká pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn." Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́, òun fúnra ẹ̀ wo òkè. Ó ní, "Òfin mi nìyẹn. Mo ń bá yín fowó sí i, mi kì í bá yín tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin kan máa ń wá síbí tí wọ́n ń pariwo nọ́ńbà wọn bí ẹni ń kiri iyọ̀, mo máa ń ní, 'Ìyá, ẹ pa ẹnu dé, èmi náà máa ń lá àlá olówó.'"

Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ̀ ń tọ́jú owó bọ́tìnnì yín sí?"

"Inú ìrọ̀rí."

"Ìrọ̀rí! Lóde òní!"

Ló bá ṣí tèmi náà fún mi sórí fóònù tí ìyàwó mi fún mi. Ó ní kí n yan nọ́ńbà mẹ́rin, kí n má sọ ọ́ fún òun. Mo ní, "Ta ni màá wá sọ ọ́ fún?" Ó ní, "Kò sẹ́nì kankan, Màmá." Mo wo ojú ẹ̀, mo rí i pé kò ṣàwàdà. Kò sẹ́nì kankan! Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láyé, mi ò tíì mọ nǹkan kan tí ẹlòmíì ò bá mi mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bíi pé mo jí i.

Ìwọ náà, fóònù, o ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àìkú

Alùpùpù ti dákú. Ó wà nílẹ̀ níwájú ilé Ọ̀la-Á-Dára bí òkú ewúrẹ́. Mo bá òun àti ọmọ mi níbẹ̀, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀la-Á-Dára ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, ọ̀la..."

Mo ní, "Má dárúkọ ara ẹ fún mi. Ìtàn adìyẹ yẹn ò tíì parí. Ejò méjì ló wọlé wá kó ẹyin ẹ̀. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, mo mọ bí ọ̀kan ṣe máa ń fi pẹ́ńsù há etí. Ìyá Ṣéńjì ti ní ìjókòó ń dúró dè mí. Lọ́la, tí gbogbo èèyàn bá ti ń ra nǹkan àárọ̀, ibẹ̀ ni màá ti sọ ọ́."

Ọmọ mi ní, "Màmá, èmi ọmọ yín?"

Mo ní, "Ìwọ ọmọ mi. Torí mo rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ kí n ké. Mi ò ní rín in mọ́."

Wọ́n wo ara wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Wọ́n ti ta alùpùpù fún ẹni tó ń tú u wẹ́wẹ́. Ìdajì owó ló padà, ó sì kọ́kọ́ wọ fóònù ìyàwó mi kó tó kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdajì tó kù ti bá ẹ́ńjìnnì lọ. Ọmọ mi ní òun á máa fi sí i díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń wọlé. Ìyàwó mi ní, "Màá máa wo fóònù." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti yá máṣíìnì oníná lọ́wọ́ aránṣọ kan ládùúgbò kejì, ó ń sanwó ẹ̀ lójúmọ́. Èrè máa tín-ín-rín. Tí wọn ò bá parí kí ilé ìwé tó wọlé, kò tiẹ̀ ní sí èrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìka mi ti wú. Ojú bọ́tìnnì, ojú bọ́tìnnì, ojú bọ́tìnnì. Tí mo bá dijú, mo ń rí wọn. Mi ò ráhùn. Ìka tó ṣẹ̀ ló ń jìyà.

Ọmọ mi gbé áyọ́ọ̀nù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Ó jó kọ́là kan. Ìyàwó mi wo kọ́là, ó wo ọkọ ẹ̀, ó ní, "Ṣé pákó lo pe èyí ni?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láàárín wọn nìyẹn látọjọ́ yìí. Mo fẹ́ dá sí i, mo ti ní èsì ẹ̀ lẹ́nu. Mo gbé e mì.

Ọjọ́bọ̀, òjò dá

A ti kó aṣọ lọ. Kò pé tán, àwọn ọmọ kíláàsì tó kéré jù ṣì ń retí tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé gbà á. Ó na aṣọ kan sókè, ó fa bọ́tìnnì ẹ̀, bọ́tìnnì ò mira. Inú mi dùn díẹ̀, kí ìtìjú tó tún gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi ló ru ẹrù. Ọ̀gá rí i, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Bàálé, ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín kí n fowó ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa mọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín in."

Ọmọ mi ń wo bàtà ẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọwọ́ mi ló ránṣọ. Fóònù mi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọ̀."

Ọ̀gá wò ó, ó wo ọkọ ẹ̀, ó ní, "Kò burú. Pe nọ́ńbà." Kíú. Lójú gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kò sẹ́ni tó kà á. Ọmọ mi ru àpò òfìfo padà sílé, ó ń rìn lẹ́yìn wa.

Ọjọ́ Àìkú

Ọmọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ ìtàn kan fún wa." Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti jókòó tì mí kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tó fi ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Mo sọ ti ìjàpá kan tí kò kan ẹnikẹ́ni nílé yìí. Mo sọ ọ́ láìgbé ọwọ́ sókè.

Lẹ́yìn náà, ìyàwó mi pè mí wọlé láti sanwó bọ́tìnnì mi. Ó yọ fóònù kékeré yẹn. Mo ń dúró kó kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò kọ ọ́. Ó jókòó síbi tó wà, fóònù wà ní gbangba láàárín èmi àti òun, àtàǹpàkò ẹ̀ ti gbéra.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo wá rántí pé bọ́tìnnì fóònù máa ń dún, ìró kan yàtọ̀ sí ìró kejì, etí mi yìí náà ò sì kú. Mo fi àtàǹpàkò mi di etí, mo fi ìka tó kù bo ojú, mo ń wolẹ̀ bí ẹni tí ìjì ń jà lórí ẹ̀.

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, ó gba inú ìka mi wọlé. Ó fà mí lọ́wọ́ kúrò létí.

Ó ní, "Màmá, ẹ máà dá ara yín lóró. Mo ti pa ohùn bọ́tìnnì ẹ̀ látọjọ́ yẹn. Kì í dún mọ́."

Mo ní, "O ṣeun, ìyàwó mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o jẹ́ kó máa wà."

Ojú mi ṣì wà ní dídì. Nínú àpò mi, tèmi ké kíú.